Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ
Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń kọ́ ọ̀dọ́ wa ní kíkọ ojú-ìwé ayélujára, àti sí àwọn tí ń sanwó rẹ̀

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó ti pẹ́ ní ọ̀fun wa, tí a kò sì lè gbé mì mọ́. Ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíkọ ojú-ìwé ayélujára. Ohun rere ni èyí, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò dára, àwa yóò sì wí i láìfi bò. A ń kọ́ wọn láti ṣe ojú-ìwé tí ó lẹ́wà lójú, tí kò sì ní ìtumọ̀ létí. A ń kọ́ wọn láti kọ́ ilé aláràbarà tí kò ní ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ará ìta ni a ń bá wí. Àwa fúnra wa ti kọ́ni bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìtìjú rẹ̀ ni ó sì mú wa mú kálàmù lónìí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́, àṣà wa ni pé ní ìparí sáà kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ojú-ìwé kan kalẹ̀ nípa ìlú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ti ìlú tirẹ̀ wá. Àwòrán ààfin wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ tò lẹ́sẹẹsẹ, fọ́ọ̀mù kan sì wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀ lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé ọdọọdún. Gbogbo wa yìn ín, àwa sì fún un ní máàkì tí ó ga jùlọ. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun náà wò ó. Etí ni ó fi ń lo kọ̀ǹpútà, nípa ètò akàwé kan tí a ń pè ní NVDA, èyí tí Michael Curran, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí a sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó jókòó, gbogbo wa sì dákẹ́. Ó tẹ lẹ́tà H, èyí tí irú wọn fi ń fò láti orí àkọlé kan dé òmíràn. Ètò náà dá a lóhùn pé àkọlé kò sí. Orúkọ àwọn ọba ń dún tẹ̀lé ara wọn, láìsí ohun tí ó fi hàn pé àkójọ ni wọ́n, tàbí iye tí wọ́n jẹ́. Ó kọjá ibi àwòrán ààfin láìmọ̀ pé àwòrán wà níbẹ̀. Ó dé ibi fọ́ọ̀mù, ó sì gbọ́ pé: àpótí, òfo; àpótí, òfo; àpótí, òfo. Èwo ni ti orúkọ? Èwo ni ti agboolé? Ètò náà kò mọ̀, nítorí a kò sọ fún un. Ó tẹ Tab títí, kò kan bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ rárá. Nígbẹ̀yìn ó yíjú sí ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni ẹnu ọ̀nà ìlú yìí wà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwa kò rí èsì fọ̀. Ọmọ tí ó ṣe ojú-ìwé náà kò ṣe àìgbọràn. Ohun tí a kọ́ ọ ni ó ṣe. Ẹni tí ó kọ́ ọ ni ó jẹ̀bi.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ ní ìpìlẹ̀. Ní 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN lẹ́bàá Geneva, gbé ìmọ̀ràn ohun tí a wá mọ̀ sí Web kalẹ̀. HTML ni orúkọ èdè tí a fi ń kọ ojú-ìwé rẹ̀. Èdè yìí kì í ṣe èdè ọ̀ṣọ́. Èdè ìsọnilórúkọ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wí fún ẹ̀rọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àkójọ, èyí ni bọ́tìnnì. Àkọlé ní àmì tirẹ̀, láti h1 títí dé h6. Ìpínrọ̀ ń jẹ́ p. Àkójọ ń jẹ́ ul tàbí ol. Bọ́tìnnì ń jẹ́ button. Nígbà tí HTML5 di ìlànà àjọ W3C ní 2014, orúkọ mìíràn kún un: header fún orí ojú-ìwé, nav fún ibi tí a to àwọn ọ̀nà sí, main fún kókó ọ̀rọ̀, footer fún ẹsẹ̀ ojú-ìwé. Ní ti àwọ̀, ìtóbi àti ipò ohun kọ̀ọ̀kan, èdè mìíràn tí ń jẹ́ CSS ni ó ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ríran a máa wo ọ̀ṣọ́. Ẹni tí kò ríran, orúkọ nìkan ni ó ní.

Ṣùgbọ́n àmì kan ń bẹ tí ń jẹ́ div, tí kò ní ìtumọ̀ kankan ju "nǹkan kan nìyí" lọ. Ó ní ìwúlò tirẹ̀, fún kíkó nǹkan pọ̀ sójú kan. Àṣìṣe wa ni pé a ń kọ́ ọ̀gbẹ̀rì láti fi div ṣe ohun gbogbo, kí ó sì fi CSS kùn ún títí tí yóò fi jọ ohun tí ó ń fẹ́. Ó sọ ọ́ di ńlá, ó sọ ọ́ dúdú, ó jọ àkọlé. Kì í ṣe àkọlé. Ó yí i ká, ó fi àwọ̀ búlúù sí i, ó jọ bọ́tìnnì. Kì í ṣe bọ́tìnnì.

Ọmọ Yorùbá ha ni ó yẹ kí ó máa kọ́ni báyìí bí? Àwa tí a ń pe ìbejì ní Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ń jẹ́ Ìdòwú, tí ẹni tí ó tẹ̀lé Ìdòwú ń jẹ́ Àlàbá, tí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ wáyé ń jẹ́ Ìgè! Ẹni tí kò sí nílé nígbà ìbí wọn yóò gbọ́ orúkọ, yóò sì mọ ipò. Bí baba kan bá sọ ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní "Nǹkan", tí ó sì ń fi aṣọ nìkan dá wọn mọ̀, kí ni afọ́jú inú ilé náà yóò ṣe? Àwọn baba wa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ń kọ ojú-ìwé gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi àmì sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn àṣìṣe náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé ẹ̀sùn lásán ni a kó wá.

Ti àkọlé ni ìkíní. Ọ̀gbẹ̀rì a máa yan h4 nítorí pé ìtóbi rẹ̀ wù ú, nígbà tí kò tíì sí h2 tàbí h3 níwájú rẹ̀. Èyí dà bí ìwé tí ó fo orí kejì àti ìkẹta. Ipò ni nọ́ńbà náà ń sọ, kì í ṣe ìtóbi. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí ìtóbi padà, kí ó lo CSS.

Ti bọ́tìnnì ni ìkejì. Ẹni tí ó lo àmì button gba ẹ̀bùn mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́: Tab yóò dé ibẹ̀, Enter tàbí àlàfo yóò tẹ̀ ẹ́, akàwé yóò sì kéde pé bọ́tìnnì ni. Ẹni tí ó lo div kò gba ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè di máòsì mú, pàdánù bákan náà pẹ̀lú afọ́jú.

Ti àwòrán ni ìkẹta. Gbogbo àwòrán ni ó ní àyè kan tí ń jẹ́ alt, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a má kọ "àwòrán" síbẹ̀, nítorí ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Kí a kọ irú èyí: "Ẹnu ọ̀nà ààfin, pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ mẹ́rin." Bí àwòrán bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, kí a fi alt sílẹ̀ ní òfìfo, kí akàwé lè kọjá láìdí olùgbọ́ lọ́wọ́.

Ti fọ́ọ̀mù ni ìkẹrin. Àmì label ni a fi ń so orúkọ mọ́ àpótí, nípa kí for ti label àti id ti àpótí jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn kan ń kọ orúkọ náà sínú àpótí ní lẹ́tà fífẹ́rẹ́, wọ́n sì rò pé ó tó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti tẹ lẹ́tà kan, orúkọ náà pòórá, àgbàlagbà tí ó bá gbàgbé ohun tí ó ń kọ kò sì ní ibi tí yóò wò mọ́.

Ti àwọ̀ ni ìkarùn-ún. Lẹ́tà eérú lórí ilẹ̀ funfun ti di àṣà ìgbàlódé. Ìlànà W3C wí pé kí ìyàtọ̀ láàrin lẹ́tà kéékèèké àti ilẹ̀ rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1. Kì í ṣe afọ́jú ni òfin yìí wà fún. Olówò tí ń wo fóònù rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán ni, àti ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti ń na ìwé jìnnà sí ojú kí ó tó kà á.

Kí a má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni àìsàn yìí wà. Ní 2025, àwọn ará WebAIM ní Utah, ní Amẹ́ríkà, yẹ ojú-ìwé àkọ́kọ́ ti ìkànnì 1,000,000 wò. Wọ́n rí àṣìṣe nínú 94.8% wọn. Lẹ́tà tí kò hàn dáadáa wà nínú 79.1%, àwòrán tí kò ní alt wà nínú 55.5%, àpótí fọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ wà nínú 48.2%. Ẹ kíyè sí irú àṣìṣe tí wọ́n jẹ́! Kò sí èyí tí ó le nínú wọn. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn. Kì í ṣe àìmọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ ni ó bí wọn. Ohun tí a kò kọ́ ọ̀gbẹ̀rì ni ó dàgbà tí ó di ọ̀gá.

Èyí tí ó dùn wá jùlọ ni ó kàn báyìí, nítorí ó kan èdè wa. Ìbẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé, nínú àmì html, ni ibi tí a ti ń kéde èdè tí a fi kọ ọ́. Ètò ìkọ̀wé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò a máa fún wọn ní àdàkọ tí a ti kọ lang="en" sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò yí i padà, olùkọ́ kò sì wò ó. Báyìí ni ojú-ìwé yóò kún fún Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, oríkì níbẹ̀, ìtàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà ó ti jẹ́wọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni òun. Akàwé gbà á gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì lọ́ Yorùbá mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú nígbà tí ọmọ yín bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìkíni, ẹ wo ojú-ìwé ìlú yín bóyá òun náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ni àtúnṣe rẹ̀: lang="yo". Bí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan bá wà láàrin rẹ̀, kí a fi lang="en" sí ìyẹn nìkan.

Ẹnìkan yóò wí pé ohùn Yorùbá kò tíì wọ́pọ̀ lórí àwọn ètò akàwé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ohùn náà bá dé orí ẹ̀rọ ẹnìkan, ojú-ìwé tí ó ti kéde èdè rẹ̀ ni akàwé yóò mọ̀ pé kí ó fi ohùn náà kà. A kì í dúró de àlejò kí a tó gbá ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lẹ́tà wa. Àwọn kan ń kọ e, wọ́n sì ń fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, kí ó lè jọ ẹ. Ó jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n e ni. Akàwé yóò pè é ní e. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ náà kò ní rí i. Ẹni tí ó bá dà á kọ sí ibòmíràn, ìlà abẹ́ rẹ̀ lè jábọ́ sọ́nà. Div tí ó múra bí àkọlé kò yàtọ̀ sí e tí ó múra bí ẹ. Nínú Unicode, lẹ́tà wa kọ̀ọ̀kan ti ní ipò tirẹ̀: ẹ wà ní 1EB9, ọ wà ní 1ECD, ṣ wà ní 1E63, àmì ohùn sì ní ipò tí a fi ń gbé e lé wọn lórí. Kí a kéde UTF-8 ní orí ojú-ìwé, kí a sì tẹ lẹ́tà náà gan-an. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó ní 1875 lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ Yorùbá, ọ̀ṣọ́ kọ́ ni wọ́n wá, ìtumọ̀ ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ó bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní oko kò fi ọ̀rọ̀ kankan lé wa lọ́wọ́.

Àwa mọ ohun tí àwọn alátakò yóò wí, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ̀rì ni, ẹ jẹ́ kí ojú-ìwé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, a ó tún un ṣe bí ó bá yá." Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀nà títọ́ kò sì gùn ju ọ̀nà wíwọ́ lọ. Ẹni tí ó kọ button ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lo div yóò ṣì wá ìlà mìíràn kún un kí ó tó lè ṣe ìdajì ohun tí button ń ṣe.

Àwọn mìíràn ní, "Ẹ fi div ṣe é, kí a lẹ àmì ARIA mọ́ ọn lẹ́yìn." ARIA ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n W3C fúnra rẹ̀ gbani níyànjú pé bí HTML bá ti ní àmì tí ó ní ìtumọ̀ náà, kí a lo ìyẹn. Ẹni tí ó fi role="button" sí ara div yí orúkọ rẹ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fún un ní Tab tàbí Enter. Ó dà bí ẹni tí ó kọ "ilẹ̀kùn" sára ògiri.

Àwọn mìíràn ní ẹwà ni oníbàárà ń wò. Àwa kò bá ẹwà jà. Ojú-ìwé tí orúkọ rẹ̀ péye lè lẹ́wà bí a ti fẹ́, nítorí CSS kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá, a sì mọ̀ pé ìwà lẹwà. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni pé àwọn afọ́jú kò pọ̀. Ẹni tí ó ń wí bẹ́ẹ̀ kò tíì kà wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé 1 nínú ènìyàn 6 ní ayé ni ó ní àléébù ara tí ó nípọn. Bí wọn kò bá tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ ní ìlú, ọmọ ìlú ni. Àwọn baba wa ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì ka fífi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ sí èèwọ̀. Òfin Mósè náà sì kọ̀ fún wa láti gbé ohun ìkọsẹ̀ sí ọ̀nà afọ́jú. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá fọwọ́ sí òfin ní oṣù kìíní ọdún 2019 tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn akanda ẹ̀dá, tí ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá. Bí ó bá tọ́ pé kí gbọ̀ngàn ìlú ní ọ̀nà fún arọ, kí ni ìdí tí ojú-ìwé ìlú kò fi ní í ní ọ̀nà fún afọ́jú?

Nítorí náà a ń bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́ta. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní máàkì lórí ọ̀ṣọ́ títí ẹ ó fi mú CSS kúrò tí ẹ ó sì rí i pé ojú-ìwé náà ṣì ṣeé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí a wà, a ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì tí a fún ojú-ìwé tí a sọ lókè yìí, a gbà á padà lọ́wọ́ ara wa, ọmọ náà sì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láàrin ọ̀sán kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ div, ẹ bi ara yín léèrè pé, "Kí ni orúkọ ohun yìí?" Bí ó bá ní orúkọ, ẹ pè é.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, owó ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ sì ń gba iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí ẹ tó san ìdá tí ó kù, ẹ gbé máòsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì fi Tab nìkan rìn ká ojú-ìwé náà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí TalkBack lórí fóònù Android yín, tàbí VoiceOver bí ó bá jẹ́ iPhone, kí ẹ sì di ojú yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá fọ́ọ̀mù. Ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ẹnu ọ̀nà, ẹ má sanwó. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé ìlú yín ní ilẹ̀kùn, kí ó lọ ṣe é.

Ọmọ tí ó bi wá léèrè ọ̀nà yóò di olùkọ́ láìpẹ́. Àwọn tí yóò máa kọ́ pọ̀ ju àwọn tí àwa kọ́ lọ. A kò fẹ́ kí ó tún bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè náà mọ́.